Owó ti lé àwọn tó ni bọ́ọ̀lù sẹ́yìn ògiri

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìforítì. Ìwé ìròyìn yín máa ń pẹ́ ọjọ́ méjì kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Kaduna, torí ọwọ́ awakọ̀ tó ń ti Ìlọrin bọ̀ ni mo ti ń gbà á, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó kọjá mi. Èyí tó dé kẹ́yìn, ojú ewé eré ìdárayá ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ìròyìn mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Márùn-ún ń sọ iye tí ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ̀kẹfà ń júwe bí èèyàn ṣe lè ta tẹ́tẹ́ ọ̀sẹ̀ náà. Kò sí ọ̀kan tó sọ bí wọ́n ṣe gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún. Mi ò kọ̀wé láti bú yín o. Mo mọ̀ pé owó ló gba ojú ewé náà mọ́ yín lọ́wọ́, bó ṣe gba eré náà mọ́ àwa náà lọ́wọ́.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo ní ní Kakuri, àdúgbò kan ní Kaduna níbí, láti 2005. Páànù ni òrùlé rẹ̀, bẹ́ńṣì mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n méjì, jẹnẹrétọ̀ kan. Hausa, Gbagyi, Ìgbò, Yorùbá, gbogbo wa la jọ ń fún ara wa mọ́ orí bẹ́ńṣì. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú Kaduna rí nínú ìjà ẹ̀sìn ní 2000, tí olúkúlùkù kó ẹrù lọ sí àdúgbò àwọn èèyàn tirẹ̀, yóò mọ̀ pé ìjókòó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọmọ Ọ̀ffà ni bàbá mi, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá síbí, ibí náà ni wọ́n sì bí mi sí. Bàbá mi kò mọ ẹgbẹ́ òkèèrè kankan. Orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló máa ń gbé mi sí, ó di pápá Ahmadu Bello, kí a lọ wo Ranchers Bees, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Kaduna. Ní 1988 tí wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ ní Áfíríkà, tí CA Bizertin ti Tùnísíà já ife náà gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, bàbá mi kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Rashidi Yekini ńkọ́? Kaduna níbí ni wọ́n bí i sí, Ìrá ni ìdílé rẹ̀ ti wá, kò jìnnà sí Ọ̀ffà. Ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL ló ti bẹ̀rẹ̀ kí Shooting Stars tó mú un lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé wọlé ní 1994, tó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n tó ń ké, àwọn àgbà tó ti bá a ṣiṣẹ́ ní UNTL ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe ọmọ ilé. Bọ́ọ̀lù tí mo fi dàgbà nìyẹn. Ẹni tó gbá góòlù lọ́jọ́ Sátidé, ẹ lè bá a lọ́jà lọ́jọ́ Ajé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti òkè òkun ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Newton Heath ló dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Manchester United lónìí sílẹ̀ ní 1878. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich ló dá Arsenal sílẹ̀ ní 1886. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Thames Ironworks ló bí West Ham. Nígbà tí mo sọ ti Newton Heath fún bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó ní, “Ará ilé wa kúkú ni wọ́n.” Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí bí Manchester United bá gbá bọ́ọ̀lù. N kò sọ fún un pé ní 2005 ni ìdílé Glazer ya owó ra ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n sì gbé gbèsè ọ̀hún lé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ lórí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún òṣìṣẹ́ rélùwéè?

Ní 1992, ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì méjìlélógún kúrò nínú líìgì àtijọ́, wọ́n dá Premier League sílẹ̀ kí owó tẹlifíṣọ̀n lè máa wọ àpò tiwọn. Láti ìgbà náà ni owó ti ń gun orí owó. Olówó Rọ́ṣíà kan ra Chelsea ní 2003, Abu Dhabi ra Manchester City ní 2008, owó Saudi ra Newcastle ní 2021. N kò ní purọ́, owó yìí náà ló gbé àwòrán wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé aládùúgbò mi kan ni mo ti wo Kanu ní October 1999, nígbà tí Chelsea ti ń na Arsenal ní góòlù méjì sí òdo, tó sì dá mẹ́ta gbá wọlé kí wọ́n tó fọn fèrè. Ayọ̀ ọjọ́ náà ló mú mi pinnu pé n ó ní ilé ìwòran tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí. ₦30 ni mo ń gbà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Lítà epo kan kò tó ₦100 nígbà náà. Ní 2007, ẹ̀tọ́ àtifi Premier League hàn bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, mo ní láti ra dékódà kejì. Ní 2010 ó tún padà sọ́wọ́ ti tẹ́lẹ̀, dékódà kejì di ohun tí àwọn ọmọ mi fi ń ṣeré. Owó oṣooṣù ń gòkè, ó tún ń gòkè, ẹnikẹ́ni kò bi wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà kan fò kọjá ₦500, kò sì pẹ́ tó fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Lónìí, ₦300 ni mo ń gbà, ₦500 bó bá jẹ́ eré ńlá. Ojú ń tì mí láti gbà á, síbẹ̀ kò tó mi ra epo.

Bàbá Hausa kan wà tó máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ṣílé. Ẹ̀ka ìhunṣọ ní UNTL ló ti ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní 2007. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí kì í wọlé mọ́. Ẹ̀yìn ògiri ló ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń fetí sí ariwo wa. Bí a bá kígbe, á bi ọmọdé tó bá ń kọjá pé ta ló gbá a wọlé. Mo jáde lọ bá a, mo ní kó máa bọ̀ nínú ilé, n kò gba kọ́bọ̀. Ó mi orí. “Ba sadaka nake nema ba,” ló wí: kì í ṣe sàárà lòun ń wá. Ó ní òun fẹ́ san owó òun kí òun tó jókòó, bí òun ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Olóòtú, ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Àwọn tó wá ń wọlé nísinsìnyí, ojú ọ̀pọ̀ wọn kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n. Fóònù ni wọ́n ń wò, tẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù Arsenal fò sókè, ó ń jó, nígbà tí wọ́n gbá góòlù wọ ilé Arsenal. Góòlù yẹn ló kù kí owó rẹ̀ wọlé. Ní April 2023, àwọn ẹgbẹ́ Premier League fohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kúrò níwájú ẹ̀wù àwọn bí sáà 2025/26 bá parí. Apá ẹ̀wù kò sí nínú àdéhùn náà.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí géètì tí wọ́n lè dúró sí. Ní February 2016 tí Liverpool fẹ́ gbé tíkẹ́ẹ̀tì kan dé 77 pọ́n-ùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dìde ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin, wọ́n jáde kúrò ní Anfield, pápá ẹgbẹ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà ti tọrọ àforíjì. Ní April 2021 tí ẹgbẹ́ ńlá méjìlá fẹ́ dá Super League tiwọn sílẹ̀, èrò dí ẹnu ọ̀nà Stamford Bridge, pápá Chelsea, gbogbo ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà tó wà níbẹ̀ sì yọ ara wọn kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Àwa ńkọ́? Láti 2022 ni owó tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń san fún àwòrán Premier League ti ju èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń san lọ. Owó tí mo ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ní Kakuri wà nínú rẹ̀. Géètì wo ni kí bàbá aláṣọ yẹn lọ dúró sí?

Nítorí náà, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Remo Stars láti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì Nàìjíríà ní 2025 fún ìgbà àkọ́kọ́, ìlà mẹ́rin péré ni mo rí kà nípa rẹ̀ nínú ìwé yín. Ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé lọ́sẹ̀. Ẹ tẹ ọjọ́ àti aago tí Shooting Stars, Kwara United, Remo Stars àti Ikorodu City yóò gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ fi ti Kano Pillars, El-Kanemi, Plateau United àti Niger Tornadoes sí i, nítorí àwa Yorùbá tí a wà lókè ọya yìí. Ẹ kọ iye owó ìwọlé síbẹ̀, ẹ sì rán ẹnì kan lọ wo eré náà kó wá sọ bó ṣe lọ fún wa.

Bí ẹ bá lè ṣe é, èmi yóò máa gé ojú ewé náà, n ó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa pẹ̀lú bíírò, n ó sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí bàbá yẹn ń dúró sí.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ọ̀ffà ní Kakuri,
Kaduna.