Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ìbọn Ìdíje Àtijọ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni ilé àti àwọn ọmọ? Mo rí àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́, o sì ṣeun tí o bi mí kí o tó sanwó. Ìbọn Smith & Wesson Model 41 tí o ń wò yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ọdún 1957 ni wọ́n gbé e jáde ní Springfield, Massachusetts: ìbọn ìléwọ́ olọ́ta .22 tí wọ́n ṣe nítorí ìdíje ojú àmì. Bí o bá yọ ilé ọta, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí ọta ń tò sí nínú ìdìmú, tí o fa irin òkè sẹ́yìn títí ó fi há, tí o wá fa irin tó yí tírígà ká wálẹ̀, ọ̀pá ìbọn á ṣí kúrò. Ibi tí a fi ń wojú àmì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, orí ọ̀pá yẹn kan náà ni méjèèjì wà, nítorí náà tí o bá dá a padà, ojú rẹ̀ kì í yẹ̀. Èmi tí mo fi iṣẹ́ irin gígé tọ́ yín ní Houston níbí, mo mọ ọpọlọ tó wà nínú ìyẹn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bó ṣe ń dán. Ìbọn tó ti lé ní ọdún 50, tí wọ́n sì ti lò, kì í dán báyẹn àfi tí wọ́n bá ti pọ́n ọn tí wọ́n sì tún un rẹ láró. Mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́wọ́, kí o wo àwọn lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, etí lẹ́tà rẹ̀ á ṣì mú. Èyí tí wọ́n ti pọ́n, lẹ́tà á ti rọ̀, ibòmíràn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Wo àyíká ihò síkúrù. Irin tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán máa ń jìn wọnú níbẹ̀ bí ẹnu àwo pẹrẹsẹ. Bí orí síkúrù bá ti ya, ẹni tí kò mọṣẹ́ ti tú u rí. Ìbọn tí aró rẹ̀ ti ṣí létí, tí igi ìdìmú rẹ̀ ti mu òógùn ọwọ́, tí ara rẹ̀ ṣì wà bó ṣe kúrò nílé-iṣẹ́, èmi á sanwó lé e ju ti ẹlẹ́wà yẹn lọ. Irin tí wọ́n bá ti pọ́n dànù, kò sẹ́ni tó lè dá a padà.

O ní lẹ́yìn èyí, ìbọn ìdíje High Standard tí wọ́n ṣe ní Connecticut ló kàn. Ó wù mí. High Standard ni William McMillan, ayìnbọn ará Amẹ́ríkà, fi gba góòlù Òlíńpíìkì ní Róòmù lọ́dún 1960. Ṣùgbọ́n ètè ilé ọta rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí bó bá ti ṣẹ́ po díẹ̀, ọta á máa há. Ọta tí wọ́n kọ Standard Velocity sí ni kí o máa fi sí i. Èyí tó ń sáré jù máa ń na irin àtijọ́. Má sì máa fa tírígà wọn lófìfo, kí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ má bàa lu etí ihò ọta.

Àwọn tó ń tà á á máa sọ ìtàn fún ọ. Wọ́n á ní olùborí ìdíje kan ló ni ín, wọ́n á dárúkọ Károly Takács, ará Hungary tí bọ́ǹbù ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́, tó fi ọwọ́ òsì gba góòlù Òlíńpíìkì ní 1948 àti 1952. Ìtàn náà dùn, òótọ́ sì ni, àmọ́ má san kọ́bọ̀ lé e láìsí ìwé tó gbé nọ́ńbà ìbọn náà gan-an. Bó bá jẹ́ ìbọn ìdíje Hämmerli ti Lenzburg ní Switzerland, béèrè àpótí, irin ìwúwo orí ọ̀pá, àti bébà tí wọ́n fi dán an wò nílé-iṣẹ́. Ìyẹn ló lówó lórí.

Ní ti òfin, gba ìwé àṣẹ tí ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, ń fún àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ. $30 ni fún ọdún 3, ìbọn tó bá ti pé ọdún 50 tí kò sì sẹ́ni tó paárọ̀ ara rẹ̀ sì wọ inú rẹ̀. Kọ èyí tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé. Kì í ṣe fún òwò o. Má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ ní London bẹ̀ ọ́ pé kó o bá òun mú ọ̀kan wá. Láti 1997 ni wọ́n ti fòfin de irú èyí níbẹ̀. Ilé ní Nàìjíríà ńkọ́? Má dán an wò láéláé. Ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí òfin ibẹ̀ kà léèwọ̀.

Ooru ọ̀rinrin Houston yìí burú fún irin. Má fi wọ́n sílẹ̀ nínú àpò awọ, awọ ń mú ìpẹtà wá. Nu òógùn ọwọ́ kúrò, fi òróró díẹ̀ pa á, kó sínú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ náà má sí níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi lè tó. Ìgbàkigbà tí o bá gbé e, yọ ilé ọta, fa irin òkè, fojú rẹ wo inú ihò ọta. Kódà bí èmi bàbá rẹ ló gbé e fún ọ, tí mo ní kò sí ọta nínú rẹ̀.

Sọ fún ọkùnrin tó ń ta Model 41 yẹn pé a ń bọ̀ ní Sátidé, kó gbé àpótí rẹ̀ àti ilé ọta jáde. Bó bá kọ̀ kí a tú ọ̀pá rẹ̀ wò, a ò rà á mọ́ nìyẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ