Ẹ yé dáná sun ewé, ẹ kó o wá fún mi

Olóòtú,

Okun o! Kàbbà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní ilẹ̀ ìgboro tó jẹ́ kìkì yanrìn kò lè hu nǹkan gidi. Mi ò bá a jiyàn púpọ̀, èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a kọ́lé tán, katakata ti ha erùpẹ̀ dúdú lọ, yanrìn tí bíríkìlà lò kù ló kún ẹ̀yìnkùlé wa. Bí mo bá da odidi kẹ́ẹ̀gì omi sí i, kí n tó yíjú padà, ó ti gbẹ.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ra àpò ìgbẹ́ adìyẹ mẹ́ta, mo dà á lé e ní tútù, mo gbin tẹ̀tẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí etí ewé fi jó, àfi bí ẹni fi iná rà á. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ládùúgbò wa wò ó títí, ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ebi ló ń pa ilẹ̀ yìí, ìwọ wá ń fún un ní ata jẹ."

Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé máńgòrò, ìgbẹ́ ewúrẹ́, mo kó wọn lé ara wọn, mo ń wọ́n omi sí i, mo sì ń fi ṣọ́bìrì yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Láàárọ̀ ọyẹ́, òkìtì náà ń rú èéfín. Inú rẹ̀ gbóná débi pé n kò lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ó dúdú, ó ń ta sánsán bí igbó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mo tẹ́ ẹ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, mo pò ó mọ́ yanrìn kí òjò oṣù kẹrin tó dé. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fi ọwọ́ fún un pọ̀. Ó dì. Yanrìn mi dì!

Kò parí síbẹ̀ ṣá. Oòrùn wa kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, ọdọọdún ni mo ń fi kún un. Koríko gbígbẹ tí mo fi bo ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ikán ló jẹ ẹ́ tán.

Ohun tó ń dùn mí ni ewé tí a ń gbá jọ láràárọ̀ tí a ń ṣáná sí, nínú ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀! Ọmọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ojúlé kejì ti gbọ́ tèmi: àpò ewé méjì ló ń gbé wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń já tẹ̀tẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀,
tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Kàbbà.