Àbẹ̀kẹ́, kí o tó gun òkè Spiti

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lánàá. O ní ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́rin, ọmọ Íńdíà, ti yá alùpùpù Royal Enfield, pé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù September ẹ ó gbéra ní Chandigarh, ẹ ó gba Manali lọ sí Kaza ní àfonífojì Spiti, láàárín àwọn òkè Himalaya ní Íńdíà. Ìyá rẹ kà á tán, ó gbé fóònù kalẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Èmi kò ní sọ pé kí o má lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ ní máṣíìnì, mo sì mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n gùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún ọ rí.

Èjìká ọ̀tún mi yìí, tí kì í gòkè dáadáa, tí ẹ máa ń bá mi fi òróró pa lásìkò ọyẹ́, mo sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé òjò ló gbé mi ṣubú. Kì í ṣe òjò. Lọ́dún 1989, àwa olùkọ́ mẹ́ta gun máṣíìnì láti Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì. Ibà ti mú mi láti òru, ara mi ń gbóná, ojú mi ń ṣú. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kéré jù nínú wọn, n kò sì fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ láti Èfọ̀n-Aláayè, n kò ríran dáadáa mọ́, mo kàn tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè títí. Bíréèkì gbóná, kò mú mọ́. Inú gọ́tà ni mo ti bá ara mi, egungun èjìká ti ṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti dé Àràmọkọ kí wọ́n tó mọ̀ pé n kò sí lẹ́yìn wọn. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ burúkú o. Èmi ni n kò la ẹnu. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Òkè Èfọ̀n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀ ń lọ. Bí 2,000 mítà ni Manali ga. Kunzum, tí ọ̀nà ti rékọjá sí Spiti, lé ní 4,500. Láti ọdún 2020 tí wọ́n ti ṣí Atal Tunnel, ihò abẹ́ òkè tó gùn tó kìlómítà 9, ọ̀nà náà ti yá sí i. Èèyàn lè jí ní Manali kó sì sùn ní Kaza. Yíyá yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ara kì í mọ afẹ́fẹ́ òkè lójúmọ́ kan. Àwọn oníṣègùn ní bí èèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tó máa sùn lónìí kò gbọ́dọ̀ fi ju 500 mítà ga ju ibi tó sùn lánàá.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, bá wọn sọ ọ́ kí ẹ yí ìrìn yín padà. Ẹ gba Shimla. Ẹ sùn ọjọ́ méjì ní Kalpa, kí ẹ tó máa gba Nako àti Tabo díẹ̀díẹ̀ lọ sí Kaza. Ilé àwọn mọ́ńkì tó wà ní Tabo ti wà níbẹ̀ láti ọdún 996. Ẹ dúró wò ó, ìdúró yẹn gan-an ni oògùn. Nígbà tí ẹ bá ń padà ni kí ẹ wá gba Kunzum sọ̀ kalẹ̀ sí Manali, ara yín á ti mọ òkè. Ohun kan rèé: ìwọ tí o jẹ́ àlejò nílò ìwé àṣẹ kí o tó kọjá ní ọ̀nà Kinnaur yẹn, agbègbè tí Kalpa wà, o sì lè gbà á ní Reckong Peo, ìlú tó wà nítòsí Kalpa. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò nílò rẹ̀, ilé wọn ni, kò ní sí lọ́kàn wọn. Ìwọ ni kí o sọ ọ́. Bí òjò bá ṣì ń rọ̀, ẹ dúró. Ní oṣù August 2021, òkè ya lulẹ̀ ní Nigulsari lójú ọ̀nà yẹn kan náà, ó bo bọ́ọ̀sì kan mọ́lẹ̀, èèyàn tó lé ní ogún ló kú.

Àbẹ̀kẹ́, AS ni ẹ́. Nílé níbí, AS kì í ṣe àìsàn, ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀ la máa ń bèèrè rẹ̀. Òkè yàtọ̀. Níbi tí ọ́síjìn ti kéré, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS lè tẹ̀ bíi dòjé kó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, pàápàá nínú ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì. Bí ibẹ̀ bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́, má sọ pé ebi ni, má sọ pé ìjókòó máṣíìnì ni. Sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wá dókítà. Lọ rí dókítà kí ẹ tó gbéra pàápàá, kí o sọ jẹ́nótáìpù rẹ fún un, kí o sì gbọ́ bóyá ó yẹ kí o lọ rárá. Bó bá ní ó yẹ, jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ṣàlàyé AS fún wọn títí tí yóò fi yé wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀fọ́rí àti èébì: ẹni tí orí ń fọ́ kò gbọ́dọ̀ gòkè sí i. Bó bá sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni mu ẹmu, tàbí tí kò lè mí dáadáa lórí ìjókòó, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lóru yẹn náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ní ti ọ̀nà, o mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní Íńdíà, àwa ti fi í sílẹ̀ láti 1972. Nígbà tó bá rẹ èèyàn, ọwọ́ tó fi kọ́ ọ ló máa ń padà sí. Fọn fèrè ní gbogbo kọ́ọ̀nà. Jíà kékeré ni kí o fi sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe bíréèkì nìkan, o ti rí ìdí rẹ̀ báyìí. Láàárín Batal sí Gramphu, tí ẹ bá ti kọjá Kunzum, omi máa ń gba orí ọ̀nà kọjá. Oòrùn ló ń yọ́ yìnyín lókè, nítorí náà odò tí kò ju kókósẹ̀ lọ láàárọ̀ lè mu orúnkún lọ́sàn-án. Ẹ tètè kọjá. Kí ẹni tó lọ́ra jù máa ṣáájú, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn jù máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ká ní bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan ì bá rí mi.

Ìyá rẹ ti fi àwòrán ìwé jẹ́nótáìpù rẹ ránṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́ jáde, fi sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ, kì í ṣe inú báàgì. Pè mí láti Kalpa kí ẹ tó tún gòkè. Nígbà tí o bá pè, má tíì sọ bí òkè ṣe rẹwà tó fún mi. Kọ́kọ́ sọ bí ara rẹ ṣe rí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ