Sí Ọ̀rẹ́ Mi ní Copenhagen, Lórí Awọ Àkèré

Akúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú àjò, o kú òtútù. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara wa le níbí, a dúpẹ́.

Òjò ti dé, àwọn àkèré etí odò Àlà ò sì jẹ́ ká sùn mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ìlú tí o ń gbé yẹn gan-an ni wọ́n ti tú àṣírí awọ wọn.

Àkèré kì í fi ẹnu mu omi, awọ ló fi ń fà á. Omi tí àkèré ń gbé ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ní in dáadáa. Kí ló dé tí iyọ̀ ara rẹ̀ ò ṣàn jáde tán? Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Hans Ussing ní Yunifásítì Copenhagen, bó awọ àkèré, ó nà án sáàárín abọ́ méjì tí omi iyọ̀ kan náà wà nínú wọn, ó wá fi iná mànàmáná láti ìta fagi lé agbára iná tí awọ náà fúnra rẹ̀ ń mú jáde. Ìhà méjèèjì ti dọ́gba, kò yẹ kí ohunkóhun tún rìn. Síbẹ̀, sódíọ̀mù, èròjà kan nínú iyọ̀, ń ti ìta wọ inú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní 1951, òun àti Zerahn, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, fi hàn pé iye iná tó ń ṣàn bá iye sódíọ̀mù tó wọlé mu régí. Awọ tí wọ́n ti bó kúrò lára ẹran o!

Ojú sẹ́ẹ̀lì tó kọ sí ìta ń gba sódíọ̀mù wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ojú tó kọ sí ẹ̀jẹ̀, àfi kí ẹ̀rọ kékeré kan lára sẹ́ẹ̀lì tì í jáde: sódíọ̀mù mẹ́ta jáde, pòtásíọ̀mù méjì wọlé, ATP kan, èròjà tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára, ni owó iṣẹ́. Ó dà bí ẹni ń ru omi gun òkè Ìdànrè. Bí kò bá jẹun, kò lè débẹ̀. Jens Skou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìlú Aarhus ní Denmark, ló rí ẹ̀rọ náà ní 1957, lára iṣan akàn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ouabain, oró igi tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Áfíríkà ń fi sẹ́nu ọfà. Òun ló ń dá ẹ̀rọ yìí dúró. Dà á sí ìhà ìta awọ, iṣẹ́ ń lọ. Dà á sí ìhà inú, iṣẹ́ dúró.

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní bàólójì máa ń bu iyọ̀ sí àkèré lára láti wò ó bó ṣe ń jà. Mo ti ní kí wọ́n jáwọ́, mo sì fẹ́ fi ohun tí awọ yẹn ń ṣe hàn wọ́n. Jọ̀wọ́, bá mi béèrè ní yunifásítì yẹn bóyá abọ́ Ussing ṣì wà nílẹ̀. Bó bá wà, ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó wọlé ní sáà tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Akúrẹ́.