Ewé ni wèrèpè náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti ní kí gbogbo obìnrin kó ìpara tó bá ní ohunkóhun tó ti ara ẹran tàbí kòkòrò wá dànù, pé ti igi àti ti ewé nìkan ni ká máa lò, nítorí ti ewé kì í pani lára, á sì gba ẹran là. Òrí ni mo ń ṣe, mo sì ń se ọṣẹ dúdú, ní Ṣakí níbí. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo ti kọ́ ọ. Ọjà mi gan-an ni lẹ́tà yẹn ń polówó, síbẹ̀ mi ò lè dákẹ́, torí ìmọ̀ràn náà lè ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní jàǹbá.

Ewé ni wèrèpè náà. Inú igbó ni èsìsì ti ń hù. Kò sí ọmọ oko tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún ohun tí méjèèjì lè fi ara ṣe. Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹni tó bá fi oje rẹ̀ pa ojú tó sì jáde sínú oòrùn, awọ ojú rẹ̀ lè wú kó sì bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, kí ojú ibẹ̀ tún wá dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo ti rí i lójú ọmọge kan tó wá bá mi ra òrí, tó ń bẹ̀ mí pé kí n wá nǹkan tí yóò pa àpá náà rẹ́.

Òróró pàápàá kò rí bákan náà. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí òróró olífì àti òróró sunflower tí wọ́n fi ra ara àwọn àgbàlagbà. Ti sunflower kò ba awọ jẹ́. Ti olífì dín agbára awọ kù, ó sì mú kó pọ́n díẹ̀. Wọ́n ní kò yẹ ká máa gba àwọn ìyá níyànjú láti fi olífì wọ́ ara ọmọ tuntun. Kóró àti èso igi ni wọ́n ti fún méjèèjì o, kò sí ẹran kankan níbẹ̀.

Òrí tí mo ń tà náà, bí a bá ṣe ṣe é ló ń rí. Ìgbà òjò ni èso èmí, igi tí òrí ti ń wá, ń bọ́ sílẹ̀. Bí obìnrin bá ṣà á tán tó wá kó o jọ síbì kan títí tó fi hù tàbí tó bu, kó yan án, kó lọ̀ ọ́, kó fi ọwọ́ pò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, òrí tó máa rùn ló máa bu jáde. A gbọ́dọ̀ tètè bọ kóró náà, ká sá a kó gbẹ dáadáa, ká ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ ká tó pa á. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni mo ń gba owó lé lórí.

Ìda oyin ni lẹ́tà yẹn bá jà jù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ká mi lára jù. Ooru ara èèyàn lásán ti tó láti yọ́ òrí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí mo bá di òrí lásán sínú ike tí mo sì fi í ránṣẹ́ sí Èkó, omi ló ń dé ọ̀hún. Ìda oyin kì í yọ́ àfi tí ooru bá kọjá 60 lórí ìwọ̀n Celsius, ìdí nìyẹn tí mo fi ń po ìwọ̀nba rẹ̀ mọ́ ọn kó lè le. Ó tún ń dúró lórí awọ nígbà ọyẹ́, tí ètè àti gìgísẹ̀ bá ń sán. Oníbàárà mi kan ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, pé ìda tó ti ara ọ̀pẹ wá ni òun fẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní carnauba. Ó dára, ìda gidi ni. Àmọ́ àríwá ìlà-oòrùn Brazil ni ọ̀pẹ yẹn ń hù sí. Yóò gba orí òkun kọjá, a óò fi dọ́là rà á, nígbà tí oyin wà lẹ́yìnkùlé wa.

Ohun tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ò mẹ́nu bà ni pé òdòdó èmí kì í dédé di èso. Kòkòrò, oyin ní pàtàkì, ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ láti òdòdó dé òdòdó. Oko èmí tí oyin bá ti sá kúrò níbẹ̀, èso rẹ̀ á dín. Nítorí náà, ẹni tó ń pa òrí ti jẹ oyin ní gbèsè, ì báà lo ìda rẹ̀ tàbí kó má lò ó. Ohun tí mo kọ̀ ni ìda àwọn tó ń fi iná sun odidi ilé oyin kí wọ́n tó rí i kó. Ọwọ́ àwọn tó gbé àpótí kalẹ̀ fún oyin, tí wọ́n ń fi ìwọ̀nba afárá sílẹ̀ fún un, ni mo ti ń rà.

Kì í ṣe pé gbogbo ohun tó ti ara ẹran wá ni mo gbà o. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rá òjòlá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń ní kí wọ́n gbé e padà. Ejò yẹn ń tán lọ nínú igbó, kò sì sí ohun tí ọ̀rá rẹ̀ ń ṣe tí àdí tàbí òrí kò lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró tí wọ́n ń fún láti inú ẹ̀dọ̀ ẹja shark, squalene ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti ń rí irú rẹ̀ lára olífì àti ìrèké báyìí. Nígbà kan, ọ̀rá orí àbùùbùtán wà nínú ìpara àwọn òyìnbó. Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin dè é ní nǹkan bí ọdún 1970, òróró jojoba, tí wọ́n ń fún láti ara kóró igi kan, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìpara kò sì wọ́n lọ́jà.

Ti àgùntàn yàtọ̀. Ọ̀rá tí wọ́n ń fọ̀ kúrò lára irun àgùntàn, tí wọ́n ń kọ lanolin sí lára, òun ni nọ́ọ̀sì ní kí ìyàwó ọmọ mi fi pa orí ọmú nígbà tí ọmọ fà á ya, ó sì jinná. Wọn ò pa àgùntàn kí wọ́n tó rí i, irun ni wọ́n rẹ́. Síbẹ̀ àwọn kan wà tí kò bá lára mu, ẹni tí ara rẹ̀ ti ń sú tẹ́lẹ̀ ní pàtàkì. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kó wò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Ìmọ̀ràn kan náà ni mo ń fún ẹni tó ń ra ọṣẹ dúdú mi, torí omi eérú èèpo kòkó tó wà nínú rẹ̀ lè ta awọ tó bá gbẹ.

Bí ẹni tó kọ lẹ́tà bá fẹ́ gba ẹran là lóòótọ́, kó bá wa pariwo nípa igi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó kóró èmí tí a kò tíì fún jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, ká lè máa fún un nílé. Mo fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Àmọ́ ní Òkè-Ògùn níbí, wọ́n ń gé èmí fún èédú. Igi tó ń lo bí ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́! Tí a bá gé e, ẹyẹ lọ, oyin lọ, òrí lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílẹ̀ Indonesia àti Malaysia, níbi tí wọ́n ti pa igbó run láti gbin ọ̀pẹ, tí àwọn ìnàkí ibẹ̀ sì di aláìnílé. Ti ewé náà ni wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ tó ti ibẹ̀ jáde.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ọkàn rẹ̀ kò bá gba ohun tó ti ara ẹran wá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ó sì yẹ kó lè mọ̀ ọ́n. Àwọn Mùsùlùmí máa ń bi mí bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọṣẹ tí wọ́n rà lọ́jà. Tí wọ́n bá kọ sodium tallowate sára páálí rẹ̀, ọ̀rá màlúù tàbí ti àgùntàn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Sodium lardate ni ti ẹlẹ́dẹ̀, sodium palmate ni ti epo pupa, sodium palm kernelate ni ti àdí. Cera alba ni ìda oyin. Butyrospermum parkii ni òrí wa. CI 75470 sì ni àwọ̀ pupa tí wọ́n ń rí lára kòkòrò. Glycerin ló ṣòro, torí ó lè ti ara ẹran wá, ó sì lè ti ara igi wá. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló lè sọ.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ àwọn orúkọ yìí sójú ewé ìlera yín ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ sì fi èyí tó bá kù kún un. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí oníbàárà ti lè kà á kó tó sanwó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ọlọ́ṣẹ,
Ṣakí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.