Lẹ́tà sí Títílayọ̀ láti Barcelona

Barcelona,
Ọjọ́ 26, oṣù Kẹrin.

Títílayọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Màmá àti gbogbo ará ilé ní Ìbàdàn. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Má bínú pé èsì lẹ́tà rẹ pẹ́. Ìdánwò ni kò jẹ́ kí n ráyè.

O bi mí bóyá èdè Spéìn tí a jọ kọ́ fún odidi ọdún kan ń ràn mí lọ́wọ́. Ìbéèrè yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì kẹ́místìrì, mo jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀ láìgbọ́ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ nínú ohun tí olùkọ́ ń sọ. Èdè Kàtálánì ni ó fi ń kọ́ wa. Mo ti mọ̀ kí n tó kúrò nílé pé àwọn ará ibí ní èdè tiwọn, ṣùgbọ́n mo rò pé èdè inú ilé àti ti inú ọjà ni, bí àwa náà ṣe ń bọ́ sínú Yorùbá ní kété tí agogo ilé ẹ̀kọ́ bá ti lù. Òfin gba olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti lo èyí tí ó bá wù wọ́n nínú èdè méjèèjì, nítorí náà èdè Spéìn ni mo fi ń kọ ìdánwò mi, olùkọ́ a sì fi Kàtálánì kọ àtúnṣe rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ilé tí mo kọ́kọ́ gbé kò dára. Yúrò 550 ni onílé ń gbà lóṣù, síbẹ̀ kò gbà kí n fi àdírẹ́sì náà forúkọ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, bẹ́ẹ̀ ìwé yẹn ni àjèjì fi ń gba káàdì ìgbélùú. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo rí yàrá lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 80. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èdè yìí yé mi. Wọ́n ń sọ Kàtálánì bí ẹni ń kọrin, ṣùgbọ́n èdè Spéìn ni wọ́n fi ń kọ ìwé ohun tí a óò rà lọ́jà, nítorí pé lẹ́yìn tí Franco, ọ̀gágun tí ó fi agbára ṣàkóso Spéìn, ṣẹ́gun ní ọdún 1939, ìjọba rẹ̀ lé èdè Kàtálánì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí aṣẹ́gun fi ọwọ́ líle mú ẹ̀kọ́ ní ìlú yìí. Láti ọdún 1450 ni ọba Alfonso ti fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ yunifásítì tí mo wà yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí Fílípì Karùn-ún, ọba Spéìn, kó Barcelona lógun ní ọdún 1714, ó ti yunifásítì náà pa, ó sì gbé e lọ sí Cervera, ìlú kékeré tí kò bá a ṣọ̀tẹ̀. Ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí ó tó padà wálé.

Ní èdè Kàtálánì, wọ́n ń pe fèrèsé ní finestra. N kò sọ pé ọ̀kan bí èkejì o, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù yìí, wọ́n ṣe ọdún Sant Jordi, tí àwọn ènìyàn máa ń fi ìwé àti òdòdó róòsì ta ara wọn lọ́rẹ, tí àtẹ ìwé sì kún gbogbo òpópónà. Mo ra ìwé ọmọdé kan. Bí mo ti ń kà á nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ń lọ sí Palau Reial, ọmọ kíláàsì mi kan bi mí pé èdè wo ni wọ́n fi kọ́ mi ní kẹ́místìrì nílé. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, “Ṣé èdè ìyá rẹ nìyẹn?” Mo sọ fún un nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ó ní kí n wá fi Yorùbá ṣàlàyé ìdí tí irin fi ń dógùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo ti dé ọ̀dọ̀ ọ́síjìn ni ahọ́n mi yà sí Gẹ̀ẹ́sì, kò sì padà mọ́.

Jọ̀wọ́, bá mi bi Màmá, nítorí pé ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe olùkọ́, bóyá ìwé sáyẹ́ǹsì kankan tí a fi Yorùbá kọ ṣì kù nínú àpótí wọn. Bí ó bá wà, ya àwòrán ojú ewé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa irin ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Akínwándé