Ẹsẹ̀ Ló Ń Kọ́kọ́ Lọ, Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ́

Sí Olóòtú,

Fídíò tí kò ju 20 ìṣẹ́jú-àáyá lọ ló sábà máa ń dá ariwo pé àgbà akànṣẹ́ fẹ́ padà sójú ìjà sílẹ̀. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kan tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́wàá yọ sí gbangba, irùngbọ̀n ti funfun, ó ń gbá páàdì, tìmùtìmù tí kóòṣì rẹ̀ fi sọ́wọ́, páàdì ń dún gbàù-gbàù, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ọwọ́ bàbá ṣì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó yẹ kí àgbà akànṣẹ́ padà sójú ìjà.

Nínú gbogbo ohun tí akànṣẹ́ ní, agbára ẹ̀ṣẹ́ ló ń gbẹ̀yìn kúrò lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Ojú ló tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé bàbá kò ríran mọ́ o. Ó rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí orí tó yẹ̀ ẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ti balẹ̀. Páàdì kò lè fi ìkankan nínú méjèèjì hàn, nítorí ẹni tó di páàdì mú ló ń gbé e wá pàdé ẹ̀ṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ń gbá bàbá padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó má wo ọwọ́ rárá, kó wo gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Akànṣẹ́ tí ara rẹ̀ dá máa ń gbé gìgísẹ̀ yẹn kúrò nílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fò. Ibẹ̀ ló ti ń rí agbára fi wọlé, ibẹ̀ náà ló fi ń sá jáde. Tó bá di ráúndì kẹta tí gìgísẹ̀ náà ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, tí bàbá ń wọ́ ẹsẹ̀ dípò kó gbé e, tó sì ń fi ẹ̀yìn wá okùn fúnra rẹ̀, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

Ọkàn náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ohun tí àwọn kóòṣì ń lò ni pé kéèyàn yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni iye ìgbà tí ọkàn lè lù ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí iṣẹ́ bá le dé góńgó. Ìfojúbù ni, ara kò dọ́gba, àmọ́ ó tọ́ni sọ́nà: ọmọ ọdún 25 ní nǹkan bí 195, ẹni ọdún 50 ní 170. Ráúndì ìṣẹ́jú mẹ́ta kò sì mọ ọjọ́ orí. Ìsinmi ìṣẹ́jú kan tó wà láàárín ráúndì sí ráúndì ló ń tú àṣírí jù: ọkàn ọ̀dọ́ á ti rọlẹ̀ kí agogo tó lù, ti àgbà ṣì ń sáré nígbà tí wọ́n bá ní kó dìde.

Ìdí nìyẹn tí ìjà Mike Tyson àti Jake Paul fi rí bó ṣe rí ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, ọdún 2024. Ẹni ọdún 58 ni Tyson, Paul jẹ́ 27. Wọ́n gé ráúndì sí ìṣẹ́jú méjì, ráúndì mẹ́jọ péré, wọ́n tún fi ìbọ̀wọ́ ounce 14 (ounce ni wọ́n fi ń wọn bí ìbọ̀wọ́ ṣe wúwo tó) jà dípò 10 tó yẹ kí irú wọn wọ̀. Síbẹ̀, ráúndì méjì àkọ́kọ́ ló gbé ohun tí Tyson ní tán. Àwọn tó ń ka ẹ̀ṣẹ́ ní ẹ̀ṣẹ́ 97 ló jù ní gbogbo ìjà náà, 18 ló bà. Paul ju 278, 78 bà.

Ohun mìíràn tó ń tan èèyàn jẹ ni ara tó gún. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, ọdún 1980, Muhammad Ali, ẹni ọdún 38, tó ti kéde pé òun fẹ̀yìn tì, padà wá kojú Larry Holmes ní Las Vegas. Ó ti sanra kó tó bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Nígbà tó fi máa bọ́ aṣọ gorí ìwọ̀n, ikùn ti wọlé, àyà ti yọ, àwọn tó ń wò ó ní Ali àtijọ́ ti dé. Ohun tí ojú wọn kò rí ni oògùn tairọ́ìdì, oògùn ẹṣẹ́ ọrùn, tó ń lò. Oògùn yẹn máa ń mú kí ara jó ohun tó ní bí ẹni tú epo síná, á jó ọ̀rá, á jó ẹran ara pẹ̀lú, á sì mú ọkàn sáré lórí ìjókòó. Rírù ni Ali rù, kò le. Holmes lù ú fún ráúndì mẹ́wàá kí kóòṣì Ali, Angelo Dundee, tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ bá Trevor Berbick jà ní Nassau, ó tún fìdí rẹmi. Ní 1984, àwọn dókítà sọ pé àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń mú kí ara máa gbọ̀n, ló ń ṣe é.

Àwọn onímọ̀ tó tún tẹ́tí sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń falẹ̀ ṣáájú ọdún tí dókítà dárúkọ àrùn. Àyẹ̀wò yìí kò sì gbówó lórí, ará ilé akànṣẹ́ lè ṣe é. Ẹ wá ohùn rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 25, ẹ wá èyí tó sọ lóṣù tó kọjá, ẹ gbọ́ wọn tẹ̀ léra pẹ̀lú ojú dídì. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ́ mọ́ra wọn, tí ìparí gbólóhùn ń rì sínú ọ̀fun, ẹ má jẹ́ kó wọ ríìngì, bó ti wù kí páàdì dún tó.

Nípa ọpọlọ fúnra rẹ̀, mo fẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ, ọpọlọ ń sún kì díẹ̀díẹ̀. Agbárí kò sún kì. Àyè á wá ṣí sílẹ̀ láàárín méjèèjì, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó gba àyè náà kọjá á sì nà bí okùn tí wọ́n fà jù. Ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó bá àgbọ̀n ló ń ṣe wọ́n ní jàǹbá jù, nítorí pé ó ń yí orí: orí yí lọ, ọpọlọ pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e, iṣan já. Ẹ̀jẹ̀ irú iṣan bẹ́ẹ̀ lè máa kóra jọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ yàrá, kó máa bá àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, kó máa bì, kó má mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò yẹ kí àgbà tó jà dá nìkan sùn lóru ìjà. Ìbọ̀wọ́ ńlá kò sì yanjú èyí: ọwọ́ ẹni tó ń gbá àti awọ ojú ẹni tí wọ́n ń gbá ló ń dáàbò bò. Ìborí onítìmùtìmù bákan náà. Kì í jẹ́ kí ojú là, àmọ́ kò dá mímì tí ọpọlọ ń mì dúró. Ojú lílà gan-an ń bẹ lọ́tọ̀ fún àgbà, nítorí ojú àpá kò lè jọ ojú ara, ìpéǹpéjú tó ti là rí kì í pẹ́ kó tó tún là.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tẹwọ́ gbowó, kó lọ ya MRI ọpọlọ, àwòrán inú orí tí wọ́n fi ẹ̀rọ òòfà yà, kó sì mú àwòrán àtijọ́ dání kí dókítà lè fi méjèèjì wé ara wọn. CT, àwòrán tí wọ́n fi ìtànṣán X-ray yà, nìkan kò tó. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ló máa ń rí, àwọn àpá kéékèèké máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, tí wọ́n ṣe lórí ìdùbúlẹ̀ náà kò tó fún ẹni tó ti lé ní 40. Orí ẹ̀rọ ìsáré ni kí wọ́n ti wo ọkàn rẹ̀, nígbà tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Kí dókítà ojú kán oògùn tó ń la ẹyinjú, kó wo awọ ẹ̀yìn ojú dáadáa. Awọ yẹn tó ṣí ló mú Sugar Ray Leonard kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì ní 1982. Àyẹ̀wò HIV àti hepatitis B àti C kò ní àríyànjiyàn.

Oògùn ilé ló máa ń bọ́ sọ́nù nínú ètò yìí. Kí bàbá kó gbogbo ike oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ sínú àpò kan, kó dà wọ́n sórí tábìlì dókítà. Aspirin àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ kékeré inú orí di ńlá. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan kì í jẹ́ kí ọkàn lù tó bí iṣẹ́ ṣe ń fẹ́. Àwọn mìíràn ń fa omi jáde lára, òfin ìdíje sì ka irú wọn léèwọ̀. Testosterone, èròjà ọkùnrin tí àwọn ọkùnrin àgbà ń gbà lábẹ́rẹ́, wà lábẹ́ èèwọ̀ kan náà, ó tún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ki.

Lórí ìmúrasílẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí àwọn olùṣètò ìjà fẹ́ràn. Ẹran ara tètè ń gbọ́ ìdánrawò. Iṣan gìgísẹ̀ àti ti èjìká kì í tètè gbọ́, àwọn ló sì máa ń já nígbà tí bàbá bá rò pé ara òun ti yá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìrìn, ìsáré díẹ̀díẹ̀, okùn fífò, irin gbígbé. Àpò ẹ̀ṣẹ́ àti páàdì ló tẹ̀ lé e. Kí ìjà ìdánrawò má wáyé kó tó di oṣù karùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ráúndì mẹ́rin, ìbọ̀wọ́ ounce 16, kí wọ́n sì kọ gbogbo ráúndì sínú ìwé, nítorí inú ìdánrawò ni orí ti ń gba ẹ̀ṣẹ́ jù, kì í ṣe lálẹ́ ìjà. Orí fífọ́ kan ṣoṣo, kó sinmi ọgbọ̀n ọjọ́, kó rí dókítà kó tó padà. Ní oṣù kẹjọ, kó bá ọ̀dọ́ tó yára ja ráúndì mẹ́fà, kí wọ́n ya fídíò rẹ̀, kí wọ́n ka ẹ̀ṣẹ́ tó bà á lórí ní ráúndì kìíní àti ìkẹfà. Bí ti ìkẹfà bá fi ìlọ́po méjì ju ti ìkíní lọ, ibẹ̀ ni kó dúró sí. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà wà ńbẹ̀: kí ó dín ìdajì kílò kù lọ́sẹ̀ kan, kó má fi ooru fa omi jáde lára ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ọpọlọ tí omi rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò kò yẹ lẹ́ni tó ń lọ gba ẹ̀ṣẹ́.

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ padà ló máa ń dárúkọ George Foreman. Kí wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ tán. Ọdún mẹ́wàá ni kò gba ẹ̀ṣẹ́ kankan lórí, láti 1977 sí 1987. Ìjà 24 ló kọ́kọ́ jà kó tó kojú Evander Holyfield fún bẹ́líìtì ní 1991, ó sì pàdánù. Ọdún 1994 ló tó ju Michael Moorer sílẹ̀ ní ráúndì kẹwàá, ní ẹni ọdún 45. Ọdún méje ó lé oṣù mélòó kan ló fi gòkè díẹ̀díẹ̀, kò sì ní ìwọ̀n kankan láti gé, nítorí ìpele àwọn tó wúwo jù ló ti ń jà. Joe Louis fẹ̀yìn tì ní 1949, gbèsè owó orí lé e padà ní 1950, tààrà ló sì kọjú sí Ezzard Charles fún ráúndì 15. Ó pàdánù. Rocky Marciano ló dá a dúró ní ráúndì kẹjọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí ó dùn mí jù ni láísẹ́ǹsì, ìwé àṣẹ láti jà. Bí àjọ tó ń fún akànṣẹ́ ní ìwé náà ní ìpínlẹ̀ kan bá kọ̀, wọ́n á gbé ìjà lọ síbòmíràn. New York dá Holyfield dúró ní 2004. Ó tún wọ ríìngì ní Texas ní 2006. Ní 2021, ní ẹni ọdún 58, California kò gbà á láyè, wọ́n gbé ìjà náà lọ sí Florida, Vitor Belfort sì fi ráúndì kan ṣoṣo bá a parí rẹ̀. Ó yẹ kí ìwé "rárá" àjọ kan máa tẹ̀ lé akànṣẹ́ lọ síbikíbi, bí ìwé ilé ìwòsàn ṣe ń tẹ̀ lé aláìsàn.

Olóòtú, ẹ̀yin ni ẹ ń gbé àwòrán wọn sí ojú ewé eré ìdárayá. Nígbà tí èyí tó kàn bá dé pẹ̀lú fídíò páàdì rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí akọ̀ròyìn yín bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà: ọjọ́ wo ni wọ́n ya MRI rẹ gbẹ̀yìn, ráúndì ìdánrawò mélòó lo ti jà láti oṣù mẹ́ta, àti pé ta ló máa di táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń jù sí ríìngì láti dá ìjà dúró mú lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣé ẹni tó ń gba owó nínú owó ìjà ni àbí ẹni tí kò gba kọ́bọ̀?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Kóòṣì akànṣẹ́ kan